Ìwé Inú Àpótí Kẹrin

Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ má rò pé wọ́n bí ewú yìí mọ́ mi. Nígbà tí mo wà ní kékeré, Agbassa ní Warri ni à ń gbé, nínú ilé oníyàrá mẹ́jọ kan tó máa ń jò bí òjò bá ti ṣú. Bàbá mi, tí ìdílé rẹ̀ wá láti agbègbè Ọ̀yọ́, ń ta aṣọ lọ́jà, ìyá mi sì ń din àkàrà níwájú ilé láàárọ̀. Owó epo rọ̀bì ti wọ Warri nígbà náà. Ẹni tí kò ní bàtà lánàá á ra tẹlifíṣọ̀n lónìí, àwọn ọ̀dọ́ ń sáré wáṣẹ́ kiri ilé iṣẹ́ epo, kò sì sí ẹni tó ráyè fún ìwé.

Àfi bàbá kan tí yàrá rẹ̀ kángun sí tiwa. Ìjẹ̀bú ni, akọ̀wé ìjọba tó ti fẹ̀yìntì ni, ìyàwó rẹ̀ ti kú, kò sì bímọ. Ó to àpótí pákó mẹ́rin sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Ìwé àròsọ ló wà nínú èkíní, ti sáyẹ́ǹsì nínú èkejì, ti àwọn tó la igbó àti òkun kọjá nínú ẹ̀kẹta, ìtàn ìgbà àtijọ́ sì wà nínú ẹ̀kẹrin. Ó máa ń yá àwa ọmọ ilé náà ní ìwé, ṣùgbọ́n òfin rẹ̀ le. O kò gbọdọ̀ mú ìwé méjì tẹ̀léra nínú àpótí kan náà. O gbọ́dọ̀ yí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ká kí o tó padà síbi tó wù ọ́. Á ní, "Ọmọ tó bá ń mu gààrí nìkan, ikùn rẹ̀ á yọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ á rọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni orí."

Mo gbádùn òfin náà, kí n má purọ́. Inú àpótí kejì ni mo ti kà á pé òṣùpá ló ń jẹ́ kí omi odò máa kún, kí ó sì máa fà. Mo rìn dé etí omi ní Ugbuwangue láti lọ wò ó, ìyá mi sì fi igi ìdáná lé mi wọlé. Àpótí kẹrin nìkan ni n kò fẹ́ràn. Ọba tó ti kú, ogun tó ti parí, kí ló kàn mí níbẹ̀?

Nígbà tó yá, ojú bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Lọ́jọ́ kan tí àpótí kẹrin kàn mí, kò fún mi ní ìwé títẹ̀. Ìwé ńlá kan tó ní èèpo dúdú ló gbé lé mi lọ́wọ́, òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́. Ó ní ó tó ogún ọdún tí òun fi ń lọ láti Agbassa dé Ekurede-Urhobo, tí òun ń bi àwọn àgbà léèrè bí àwọn èèyàn wa ṣe dé Warri àti ẹni tó gbà wọ́n sílé. "Kà á, kí o sì wá kà á fún mi. N kò rí i mọ́."

Mo kúnlẹ̀ gbà á. Nígbà tí mo dé yàrá, mo ṣí i, mo rí orúkọ àwọn arúgbó tó tò bí ìlà èèrà, mo pa á dé. Mo jù ú sí igun yàrá. Lọ́jọ́ kejì mo lọ sọ fún un pé, "Papa, I don read am finish." Yorùbá ló fi ń bá wa sọ̀rọ̀, Pidgin la fi ń dá a lóhùn. Inú rẹ̀ dùn. Ó ní kí n mú àròsọ kan, kí n wá ka tòun sí òun létí tó bá di Sọ́ńdè.

Igun yẹn ni ìyá mi ń kó ìwé ìròyìn àtijọ́ tó fi ń wé àkàrà sí. Kò mọ̀ọ́kà. Nílé wa, ìwé tó bá ti wà ní igun yẹn, ti àkàrà ni, èmi náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Láàárọ̀ Sátidé, ìwé ìròyìn tán, àwọn òṣìṣẹ́ epo sì tò síwájú agbada. Nígbà tí mo jí jáde, èèpo dúdú nìkan ló kù nílẹ̀. Mo sá tẹ̀lé àwọn oníbàárà káàkiri àdúgbò, ojú ìwé kan ṣoṣo ni mo rí gbà padà, òróró ti rin ín. Ìyá mi ní, "Ibi tí o gbé e sí ni mo ti mú un." Kò nà mí. Ó jókòó, ó káwọ́ lérí.

Ní Sọ́ńdè, mo jókòó síwájú bàbá, mo ṣí ìwé àròsọ, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í hun irọ́ pọ̀. Ó tẹ́tí sí mi títí. Ó wá nawọ́, ó fi ìka pa ojú ìwé náà, kò rí ipa bírò rẹ̀ níbẹ̀. Mo bú sẹ́kún, mo jẹ́wọ́. Ó rọra pa ìwé náà dé. Ó wá béèrè pé, "Ṣé àkàrà náà tà?"

Mo bẹ̀ ẹ́ kí ó máa sọ ọ́ kí n máa kọ. Ó gbìyànjú, ṣùgbọ́n ohun tó ti kó sínú ìwé ti kúrò lórí rẹ̀, àwọn àgbà tó sọ ọ́ fún un sì ti kú tán. Kò fi ìwé dù mí títí àwọn ẹbí rẹ̀ fi wá mú un lọ sí Ìjẹ̀bú, níbi tó kú sí. Ìyẹn ló ń dùn mí jù.

Wọ́n ti wó ilé náà. Inú fóònù lẹ ti ń kàwé báyìí, àpótí ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rún wà lọ́wọ́ yín, èyí tó wù yín nìkan lẹ sì ń ṣí. N kò lè bá yín wí, èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀.

Ojú ìwé kan ṣoṣo tí mo rí gbà padà yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ó sọ nípa ọkùnrin ará Ọ̀yọ́ kan tó gúnlẹ̀ sí Ugbuwangue pẹ̀lú ibà lára, tí kò mọ ẹnì kankan. Obìnrin kan tó ń yan ẹja gbé e wọlé, ó tọ́jú rẹ̀ fún oṣù méjì, kò gba kọ́bọ̀. Orúkọ rẹ̀ tó wà níbẹ̀ ni mo fi mọ̀ pé bàbá tó bí bàbá mi ni ọkùnrin yẹn. Ohun tó wà nísàlẹ̀ ojú ìwé náà ni, "Orúkọ obìnrin náà ni," ó sì parí síbẹ̀.

Bí mo bá kọjá ní Ugbuwangue títí dòní, tí mo rí obìnrin tó ń yan ẹja, bó tilẹ̀ jẹ́ ẹni tí mo lè bí lọ́mọ, mo máa ń kúnlẹ̀ kí i, torí n kò mọ èwo nínú wọn ló wá láti ìran obìnrin yẹn.