Àyànṣọlá, Ẹni Tí Ìbò Kì Í Gbọ́ Tirẹ̀

Ìdìbò tó sọ olóògbé Àyànṣọlá di olókìkí ní agbègbè Atakpamé, ní Togo, ni èyí tó ti búra lórí rédíò pé Florent ni yóò wọlé sí ìgbìmọ̀ ìlú. Ta ni yóò bá a jiyàn? Olùkọ́ ìtàn ni ní Anié kó tó fẹ̀yìn tì, onímọ̀ ìṣèlú sì ni rédíò ń pè é. Àwọn ará abúlé gbé odó lọ sójúde Florent, wọ́n ń gún iyán ìdùnnú. Iyán kò tíì kúná tí èsì fi dé pé André ló wọlé. Ni wọ́n bá ru odó tòun tiyán, wọ́n gba iwájú ilé Àyànṣọlá kọjá, ó di ọ̀dọ̀ André. Honorine, ìyàwó Àyànṣọlá, faṣọ bojú, ó ń rẹ́rìn-ín.

“Bàbá Noëlle, ṣé ẹ rí nǹkan?”

“Ohun tí mo sọ kò lábùkù. Àwọn tó dìbò ni ò mọ ìṣèlú.”

Láti ìgbà náà, bó bá ti dárúkọ ẹnìkan, alátakò onítọ̀hún ni wọ́n ń lọ kí kú oríire. Elvis tó ń díje ní Glei tilẹ̀ gbé awó wá fún un.

“Ẹ ṣàánú mi, Bàbá. Ẹ bá mi sọ lórí rédíò pé mo máa fìdí rẹmi.”

Inú bí Àyànṣọlá. Onímọ̀ kì í sọ ohun tí kò rí. Ó jẹ awó náà, ó lọ sórí rédíò, ó ní kò sẹ́ni tó lè dá Elvis dúró. Ìbò àwọn ará ilé Elvis nìkan ni Elvis rí, wọn ò sì pé.

Nígbà tí àìsàn dá a dùbúlẹ̀ lọ́dún yìí, ẹ̀rín tán lẹ́nu Honorine. Ó jókòó ti ibùsùn, ó ń bẹ ọkọ rẹ̀.

“Ẹ sọ pé ẹ máa kú. Ẹ dákun, ẹ ṣáà sọ ọ́.”

Àyànṣọlá wò ó títí. Ó mọ ohun tó ń wá.

“Honorine, mi ò rí ikú níbẹ̀. Èmi ni mo máa kọ́kọ́ jẹ iṣu tuntun nílé yìí.”

Honorine bọ́ sẹ́yìn ilé ìdáná, ó sunkún. Ó mọ bí ọ̀rọ̀ ọkọ òun ti máa ń rí. Ewé iṣu kò tíì pọ́n tí wọ́n fi sin ín.

Ìgbà tí wọ́n wa iṣu tuntun, díẹ̀ ló kù kí Honorine má jáde síta. Nílé wọn, alààyè kì í fẹnu kàn án kí òkú ilé tó jẹ. Ògúnlàdé, ẹ̀gbọ́n olóògbé, gbé iṣu sórí sàréè.

“Àyànṣọlá, wá jẹ tìrẹ. Ìwọ là ń dúró dè.”

Honorine bú sẹ́rìn-ín.

“Ó ṣẹ,” ló wí. “Ẹ̀yin ará ilé, ó mà ṣẹ.”

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, Ògúnlàdé náà rẹ́rìn-ín. Ti Honorine kò pẹ́ tó fi di omijé. Ọjọ́ pẹ́ tó ti ń gbàdúrà kí ọ̀rọ̀ kan ṣẹ mọ́ ọkọ rẹ̀ lẹ́nu. Ì bá ṣáà tún kùnà lẹ́ẹ̀kan sí i, kí àwọn méjèèjì jọ máa pín iṣu náà jẹ.