Ẹ̀rọ Orí Apẹ̀rẹ̀ Obì

Èmi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ní kíláàsì. Bí tíṣà bá pè mí, ohùn mi kì í jáde dáadáa. Ṣùgbọ́n inú ń bí mi láti ọjọ́ Ẹtì, mo sì fẹ́ kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Áńtí Wúlẹ̀mọ̀tù sílẹ̀ bó ṣe rí gan-an.

Áńtí Wúlẹ̀mọ̀tù ló ń tọ́jú yàrá kọ̀ǹpútà ilé-ìwé wa ní Ìkẹ́nnẹ́. Ṣàgámù ni a bí wọn sí, nílé àwọn olóbì. Láti kékeré ni wọ́n ti ń bá màmá wọn ṣa obì, tí wọ́n ń yọ èyí tí kòkòrò ti jẹ, tí wọ́n sì ń pààrọ̀ ewé inú apẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní ibẹ̀ làwọn ti kọ́ bí a ṣe ń tọ́jú nǹkan tó tètè ń bàjẹ́. Ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án tí wọ́n ti wà lọ́dọ̀ wa.

Kọ̀ǹpútà méjìlá ni wọ́n bá níbẹ̀, kò sì sí ọ̀kan tí ibi ìpamọ́ inú rẹ̀ ṣì dára. Áńtí bá lọ gbé ẹ̀rọ àtijọ́ ńlá kan wá láti ọ́fíìsì àwọn ayàwòrán-ilé kan ní Èkó tí wọ́n fẹ́ dà á nù. Ẹ̀rọ náà dàgbà jù mí lọ, ó sì wúwo débi pé ènìyàn méjì ló ń gbé e. Áńtí tún un ṣe, wọ́n ki dísìkì méjì tó ń pa iṣẹ́ mọ́ bọ̀ ọ́ nínú, wọ́n sì fi wáyà so ó mọ́ àwọn kọ̀ǹpútà méjèèjìlá. Sáfà ni wọ́n ń pè é. Ibi yòówù ká jókòó sí, inú sáfà ni iṣẹ́ wa ń lọ, ibẹ̀ la sì ti ń rí i pa dà. Láìsí i, àwọn kọ̀ǹpútà yòókù kò lè ṣe ohunkóhun.

Sáfà kò nílò ojú, ìyẹn gíláàsì tí a ti ń ka ọ̀rọ̀. Áńtí yọ tirẹ̀, wọ́n fi rọ́pò ojú kọ̀ǹpútà kan tó ti fọ́. Nítorí ooru, wọ́n da ojú apẹ̀rẹ̀ obì kan dé ní igun yàrá, wọ́n gbé sáfà lé e, kí afẹ́fẹ́ lè máa gba abẹ́ rẹ̀. Ó ń dún wúùù láti àárọ̀ títí a ó fi jáde.

Ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, Áńtí máa ń da iṣẹ́ wa kọ sórí dísìkì kékeré kan, wọ́n á gbé e lọ sílé ní Ṣàgámù. "Màmá mi ò kó gbogbo obì wọn sínú yàrá kan rí," ni wọ́n máa ń wí. Dísìkì kékeré náà bàjẹ́ lóṣù kìíní. Áńtí kọ lẹ́tà mẹ́ta pé kí ilé-ìwé ra òmíràn. Èmi ni mo gbé méjì nínú rẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì. Ẹnikẹ́ni ò dáhùn. Láti ìgbà náà, inú sáfà nìkan ni iṣẹ́ àṣekágbá àwọn mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n tó wà ní kíláàsì ìkẹyìn wà.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, wọ́n pe Áńtí láti Ṣàgámù pé màmá wọn wà ní ọsibítù. Wọ́n gba àyè lẹ́nu ọ̀gá ilé-ìwé. Kí wọ́n tó lọ, wọ́n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

"Moyọ̀, bá mi wo ẹ̀rọ yẹn. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pa á."

"Ó dáa, mà. Màá wò ó."

Lọ́jọ́ kejì ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ ń bọ̀ wá ṣí yàrá náà tí wọ́n san owó ọ̀dà rẹ̀. Bí Áńtí ṣe lọ tán, igbákejì ọ̀gá wa, Ọ̀gbẹ́ni Ọládiméjì, kó wa wọlé láti tún ibẹ̀ ṣe. Ẹ foríjì mí bí mi ò bá lo ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ fún un níbí.

"Kí lèyí? Apẹ̀rẹ̀ obì! Ṣé ọjà Ṣàgámù la wà ni?"

Àwọn ẹgbẹ́ mi rẹ́rìn-ín.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ̀rọ Áńtí ni," mo wí.

"Ṣé ẹ̀fọn ló ń kùn ni, àbí ènìyàn ń sọ̀rọ̀?"

"Iṣẹ́ wa wà nínú rẹ̀, sà."

"Nínú èyí tí kò lójú? Wá kà á fún wa, ọ̀jọ̀gbọ́n."

Ẹ̀rín tún sọ. Ó fa wáyà yọ. Ohùn wúùù yẹn dákẹ́. Ó yẹ kí n pariwo. Bàtà mi ni mo ń wò. Kó tó di ọ̀sán, ọkùnrin kan tó ń ra irin àlòkù ti kó sáfà lọ pẹ̀lú àwọn àga tó ti ṣẹ́. Apẹ̀rẹ̀ náà, ẹ̀yìn ilé ìdáná ni wọ́n jù ú sí.

Lọ́jọ́ Ẹtì, àwọn àlejò jókòó. "Kàúsárà," ni Ọ̀gbẹ́ni Ọládiméjì wí fún ọmọ kan ní kíláàsì ìkẹyìn, "ṣí iṣẹ́ rẹ kí wọ́n rí i." Kàúsárà tẹ̀ ẹ́, ó tún un tẹ̀. Gbogbo ojú kọ̀ǹpútà méjèèjìlá dúdú.

"Obìnrin tó ń tọ́jú ibí ló bà á jẹ́," ni ọkùnrin náà sọ fún àwọn àlejò. "Ẹ ò rí i pé ó ti sá lọ?"

Áńtí ti dé láti ọsibítù, wọ́n wà lẹ́nu ọ̀nà. Eruku ọ̀kadà kún híjáàbù wọn. Wọn ò wo ẹnikẹ́ni, igun yàrá ni wọ́n wò.

"Sáfà mi dà?"

Wọ́n wò mí. "Moyọ̀?"

"Ọ̀gbẹ́ni Ọládiméjì ló tà á fún onírin àlòkù, mà," mo wí, ohùn mi sì dé ẹ̀yìn yàrá. "Mo sọ fún wọn, ṣùgbọ́n mi ò sọ ọ́ sókè."

"Ọmọ yìí, ṣé orí rẹ pé?" ni Ọ̀gbẹ́ni Ọládiméjì wí.

"Ẹ fi wọ́n sílẹ̀," ni àlejò kan wí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Oúnjẹ ti ń tutù." Wọ́n sì lọ jẹun. Wọ́n lọ jẹun!

Èmi àti Áńtí gun ọ̀kadà lọ sí ibi tí wọ́n ń kó irin jọ sí lọ́nà Simawa. Tawfiq, ọkùnrin tó rà á, dọ̀bálẹ̀ nígbà tó gbọ́. "Ẹ má bínú, mà. Wọ́n ní ó ti kú ni." Òòlù ló ti fi la dísìkì méjèèjì nítorí irin funfun inú wọn. Áńtí jókòó sílẹ̀, wọ́n ṣa àwọn àfọ́kù náà lọ́kọ̀ọ̀kan sínú eteetí híjáàbù, wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò bí ẹni ń ṣa obì, bóyá ọ̀kan á ṣì dára. Kò sí.

Lọ́jọ́ Ajé, ilé-ìwé fún Áńtí ní ìwé pé kí wọ́n sọ ìdí tí wọ́n fi kúrò lẹ́nu iṣẹ́, àti bí iṣẹ́ àwọn ọmọ ṣe sọnù. Bẹ́ẹ̀ lẹ́tà wọn mẹ́ta ṣì wà nínú ọ́fíìsì! Àwọn mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n sì ti ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ wọn láti ìlà kìíní.

"Jẹ́ kó lọ, Moyọ̀," ni Áńtí wí.

Mi ò jẹ́ kó lọ. Mo kọ ohun tí mo rí, aago tó lù, ẹni tó fa wáyà, àti ohun tí mo sọ pẹ̀lú ohùn kékeré. Mo kọ orúkọ mi àti kíláàsì mi sísàlẹ̀. Mi ò fi rán ẹnikẹ́ni, èmi fúnra mi ni mo fi lé ọ̀gá ilé-ìwé lọ́wọ́ lánàá, mo sì dúró títí wọ́n fi kà á tán.

Ẹ̀dà méjì ni mo kọ. Èkejì wà ní Ṣàgámù, nínú yàrá obì màmá Áńtí.