Delmer Hodge, Bàbá Orí Garawa

Ọdún mẹ́rìnlá gbáko ni Delmer Hodge fi jókòó lórí garawa. Ẹnikẹ́ni kò lè pè é ní ọ̀lẹ, nítorí agogo márùn-ún ìdájí ló ti máa ń wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ yẹ àwọn kànga epo wò káàkiri agbègbè Okemah. Ṣùgbọ́n bó bá ti dé ilé, garawa tí wọ́n ń kó bọ́ọ̀lù softball sí ni yóò fi ṣe àga ní ẹ̀yìnkùlé, yóò wọ ìbọ̀wọ́ awọ, yóò sì máa hán bọ́ọ̀lù tí Raelynn, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ń jù sí i. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ọmọbìnrin tó ń ju bọ́ọ̀lù ní Oklahoma ló ní irú bàbá bẹ́ẹ̀. Ẹ lè dá wọn mọ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì: nígbà tí ìjọ bá dìde kọrin, àwọn ni wọ́n máa ń di àga iwájú mú kí eékún tó gbà fún wọn.

Láti ìsàlẹ̀ ìbàdí ni àwọn obìnrin ti ń ju bọ́ọ̀lù yìí sí ẹni tí yóò fi igi gbá a, ó sì máa ń sáré ju ọkọ̀ Delmer lọ. Èyí tí Raelynn mọ̀ ọ́n jù jùlọ a máa bọ̀ gbọọrọ, a sì já wálẹ̀ lójijì níwájú ẹni tó di igi mú. Bí Raelynn bá nàró jù, bọ́ọ̀lù náà kò ní já. Bó bá sì tẹ̀ síwájú jù, ilẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ bà. Nítorí náà, bí Delmer bá fọwọ́ kan fìlà rẹ̀, ó ní kí ó nàró nìyẹn. Bó bá fọwọ́ kan orúnkún, ó ní kí ó tẹ̀. Láti ìgbà tí ọmọ náà ti wà ní ọmọ ọdún mẹ́jọ ni wọ́n ti ń bá a bọ̀, kóòṣì mẹ́rin sì ti wá, wọ́n ti lọ, láì rí àṣà náà gbà lọ́wọ́ wọn.

Ní ọdún tí Raelynn lò kẹ́yìn ní yunifásítì, ẹgbẹ́ rẹ̀ wà lára àwọn mẹ́jọ tó dé Oklahoma City fún ìdíje àṣekágbá gbogbo orílẹ̀-èdè. Òfin ibẹ̀ kò le: ẹni tó bá pàdánù lẹ́ẹ̀kan ṣì wà níbẹ̀, ẹni tó bá pàdánù lẹ́ẹ̀mejì, kó di ẹrù rẹ̀. Bí tiwọn bá sì parí, bọ́ọ̀lù Raelynn parí nìyẹn, ó di ẹni tó ń wá iṣẹ́.

Òkánkán ni Delmer ti máa ń wo ọmọ rẹ̀ ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn. Ní Ọjọ́bọ̀, tíkẹ́ẹ̀tì ìdílé gbé e sí ẹ̀gbẹ́ pápá. Nígbà tí eré ń parí lọ, ó rí i pé ọmọ náà tẹ̀ jù. Raelynn wo ọ̀dọ̀ rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe. Delmer fọwọ́ kan fìlà. Ọmọ náà nàró. Bọ́ọ̀lù náà kò sì já. Ńṣe ló ń bọ̀ bí àlejò tí wọ́n pè wá jẹun, ẹni tó di igi mú sì gbá a fò kọjá ọgbà. Wọ́n pàdánù.

Twila, ìyàwó rẹ̀, kò pariwo. “Bí a bá ń woni láti ẹ̀gbẹ́, kò sí ẹni tí kò tẹ̀, Delmer,” ló wí. “Ìwọ alára tẹ̀.”

Níbi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí ni Raelynn ti bá wọn.

“Dádì, mo ní ẹ̀bẹ̀ kan.”

“Mo mọ̀. Mo ṣì ọ́ lọ́nà.”

“Ìyẹn kọ́. Mo mọ̀ pé bí mo ṣe dúró dára. Mo mọ̀, mo sì tún gbọ́ tiyín.” Ó ń yọ erùpẹ̀ kúrò lábẹ́ bàtà rẹ̀. “Lọ́la, ẹ jókòó síbi tí mi ò ti ní rí yín.”

“Ṣé kí n dúró sílé ni?”

“Rárá o. Ẹ wá. Ẹ kàn má jẹ́ kí n rí yín.”

Nítorí náà, lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, Twila nìkan ló jókòó sí àyè ìdílé. Ìpẹ̀kun pápá ni Delmer wà, nínú oòrùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá àgbà kan tó ń jẹ́ Oleta, tó fi ìwé ńlá kan sí itan, tó ń ṣàkọsílẹ̀ gbogbo bọ́ọ̀lù tí wọ́n bá jù. Ọwọ́ Delmer ń lọ sí fìlà, ó ń lọ sí orúnkún.

“Ẹ̀yin ọ̀gbẹ́ni, ṣé eṣinṣin lẹ ń lé ni, àbí orí ń yún yín?”

Delmer fi ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ itan.

“Hẹn-ẹn, bàbá ajubọ́ọ̀lù,” ni Oleta wí. “Wọ́n ti lé yín wá síbí.”

“Wọn ò lé mi. Wọ́n bẹ̀ mí ni.”

“Ìkan náà ni. Ọdún kọkàndínlógún mi rèé lórí ìjókòó yìí, kò sí ọdún tí mi ò rí ẹyọ kan nínú yín.”

Ẹ̀yìn Raelynn ni Delmer ń wò láti ibẹ̀. Kò wò ó láti ẹ̀yìn rí; ó yà á lẹ́nu pé èjìká ọmọ náà ti gbòòrò tó bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó yá, ó ku onígi kan ṣoṣo kí eré parí: bí onítọ̀hún bá gbá afẹ́fẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó tán. Àmì ayò kan péré ni ẹgbẹ́ Raelynn fi wà níwájú, ọmọ ẹgbẹ́ kejì méjì sì ti wà lórí ìlà, tí wọ́n ń wá ọ̀nà ilé, ibi tí wọ́n ti ń gba àmì ayò. Raelynn ju ọ̀kan, ó ba ilẹ̀. Ó ju òmíràn, ó tún ba ilẹ̀. Ó tẹ̀ jù. Lọ́tẹ̀ yìí, ó dá Delmer lójú. Ọwọ́ rẹ̀ ti jáde lábẹ́ itan.

Ìgbà náà ni ọmọ náà kúrò lójú ibi tó ti ń jù ú, ó kẹ̀yìn sí ẹni tó di igi mú, ó sì gbójú sókè sí ìpẹ̀kun pápá, ní ìhà ibi tí bàbá rẹ̀ wà gan-an.

Delmer já ìwé gbà lọ́wọ́ ìyá àgbà, ó sì fi bo ojú.

“Ẹ̀yin ọkùnrin yìí,” ni Oleta wí, “mi ò tíì kọ tán o.”

“Ẹ jọ̀ọ́, mà. Ṣé ó ṣì ń wo ibí?”

“Ó ti yíjú padà. Ó ń mí. Ó jù ú: onígi gbá afẹ́fẹ́. Ó tún jù ú: afẹ́fẹ́ náà ni. Ẹ jẹ́ kí n… ó tún ń bọ̀…”

Ariwo tó sọ lẹ́yìn ìyẹn ló parí ọ̀rọ̀ náà fún Delmer. Nígbà tó sọ ìwé kalẹ̀, àwọn ọmọbìnrin náà ti dì mọ́ ara wọn láàárín pápá, wọ́n sì ti bo Raelynn mọ́lẹ̀ débi pé kò rí i. Wọn yóò tún gbá ọ̀kan sí i ní Ọjọ́ Àìkú.

“Kí ló yí padà?” ló bi Oleta.

“Ó nàró díẹ̀, bọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀ sí í já. Ta ló sọ fún un?”

“Kò sí ẹnì kankan,” ni Delmer wí, ohùn rẹ̀ sì dà bíi ti ẹni tó ń yangàn. Ó dá ìwé padà fún un, ó wá béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ló ni ìjókòó yìí ní Ọjọ́ Àìkú.