Òwú Òyìnbó Tí A Sè Kí A Tó Gbìn

Ìgbà tí mo wà lọ́mọdé, tí eyín iwájú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ká, abúlé kan nítòsí Ogbooro là ń gbé. Iṣu àti ọkà bàbà là ń gbìn. Ẹ̀yin ọmọ mi, ni òyìnbó kan bá dé pẹ̀lú ògbufọ̀ àti akódà, wọ́n ru àpò kóró òwú. Ó ní kí gbogbo ilé fi ìdajì oko iṣu wọn gbin òwú tí wọn yóò máa kó lọ sí ìlú òun. Ẹni tó bá kọ̀, ẹ̀wọ̀n ni. Kì í ṣe àwàdà o: wọ́n ti mú baálẹ̀ abúlé kejì lọ sí Ṣakí nítorí pé ó ní òun ò gbìn.

Àwọn ìyá wa pàdé létí odò. Ìyá mi ló mú àbá wá: "Ẹ má bá wọn jà. Ẹ jẹ́ ká sè é ká tó gbìn ín."

Bí gbogbo abúlé ṣe gbé ìkòkò kaná nìyẹn. Èmi ni mo ko iná sábẹ́ tiwa. A sè é, a sá a gbẹ, a sì gbìn ín tẹ̀rín-tọ̀yàyà lójú akódà.

Àmọ́ ẹ̀rù ń ba bàbá mi. Wọ́n ti yọ ẹ̀kúnwọ́ kan pamọ́ kí a tó sè é, wọ́n lọ gbìn ín sẹ́yìnkùlé, pé bí ọ̀rọ̀ bá burú, àwọn á rí nǹkan nawọ́ sí. Àfi bí òwú yìí ṣe hù, tó ń dán bíi pé wọ́n fi òrí pa á lára!

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, òyìnbó padà dé. Oko mọ́ fónífóní, èéhù kan ò yọrí. Ó gbẹ́ ilẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀, ó tilẹ̀ fi díẹ̀ kan ahọ́n. Ó ń bọ̀ nílé wa ni ìyá mi rí ohun tó wà lẹ́yìnkùlé.

"Bàbá àwọn ọmọ mi, ẹ ti pa wá!" Ìyá mi yíjú sí mi: "Sáré, tú àwọn ewúrẹ́!"

Mo tú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sílẹ̀. Kí òyìnbó tó yí ilé po, ó ku ewé kan ṣoṣo, tó ń fì lẹ́nu òbúkọ wa.

Ògbufọ̀ bi ìyá mi pé, "Kí lẹran yìí ń jẹ?"

"Ewé ilá ni, ọ̀gá mi."

Ó wo ewé, ó wo òbúkọ, ó wo bàbá mi. Ọmọ àgbẹ̀ ìlú Ofiki lòun náà. Ó sọ nǹkan kan lédè òyìnbó, òyìnbó sì kọ ọ́ sínú ìwé: ilẹ̀ wa kò gba òwú. Wọ́n tú baálẹ̀ abúlé kejì sílẹ̀, àpò òwú bá ọ̀nà tó gbà wá lọ. Ṣùgbọ́n títí ọyẹ́ fi dé, bí bàbá mi bá ti ní kí wọ́n gbé oúnjẹ wá, ìyá mi á bi wọ́n pé, "Ṣé iṣu ni àbí òwú?"

Ayé ti yí padà. Ọmọbìnrin tó ń bá ìjọba ṣiṣẹ́ ọ̀gbìn máa ń gun ọ̀kadà wá kí mi báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Màmá, kí lẹ fẹ́ gbìn lọ́dún yìí?" Kò sẹ́ni tó bi ìyá mi bẹ́ẹ̀ rí.