Súfèé Nínú Yàrá Lavinia Trescott

Kò sí òṣèré kan ní Lọ́ńdọ̀nù tí kò mọ ìtàn búrẹ́dì Lavinia Trescott, ṣùgbọ́n Doreen Gadd nìkan ló mọ ẹni tó fi ìwé há inú búrẹ́dì náà. Òun alára ni. Ọdún mọ́kànlélógójì ni Doreen fi ń wọ Lavinia láṣọ nínú yàrá ìmúra, tó ń so okùn aṣọ rẹ̀ lẹ́yìn, tó sì ń gbọ́ èébú rẹ̀ níwájú. Nígbà tí Lavinia di ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin, tí ọ̀rọ̀ eré bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ bọ́ lórí rẹ̀, Doreen a máa kọ wọ́n sára abẹ̀bẹ̀, sí ẹ̀gbẹ́ ife tíì, àti, ní ọ̀sán Ọjọ́rú kan, sórí bébà kékeré tó fi sáàárín búrẹ́dì àti kùkúḿbà.

Barnaby Stroud, tó ń ṣe ọkọ rẹ̀ nínú eré náà, kò tíì jẹun láti àárọ̀. Ó nawọ́, ó mú búrẹ́dì, ó sọ ọ́ sẹ́nu. Lavinia wo àwo tó ṣófo. Ó wo Barnaby.

"Olólùfẹ́ mi," ló wí, pẹ̀lú ohùn tó dé ọ̀dọ̀ àwọn tó jókòó lẹ́yìn pátápátá, "èsì tí mo fẹ́ fún ọ lo jẹ yẹn."

Gbọ̀ngàn mì fún ẹ̀rín. Barnaby wúkọ́, bébà yọ, ó fi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ gbé e fún un. Lavinia nù ún, ó kà á sókè. Ìwé ìròyìn kan kọ ọ́ lọ́jọ́ kejì pé òun kò rí tọkọtaya tó jọ òótọ́ tó bẹ́ẹ̀ lórí ìtàgé rí.

Láti ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni Lavinia ti ń ṣeré. Ó ti ṣe ọmọ ọ̀dọ̀, ó ti ṣe ayaba; nínú sinimá, ẹ̀ẹ̀mẹ́rìnlá ló kú. Nínú ọ̀kan lára ikú wọ̀nyẹn, òṣèrékùnrin tó yẹ kó sunkún lé e lórí kò rí omijé kankan. Lavinia la ojú kan nínú pósí.

"Olólùfẹ́ mi, bí o kò bá lè sunkún nítorí mi, sunkún nítorí bí o ṣe ń ṣeré."

Ọkùnrin náà sunkún títí di àsìkò oúnjẹ.

Gbogbo ayé ni olólùfẹ́ rẹ̀. Àwọn èèyàn rò pé ìfẹ́ ló pọ̀ lọ́kàn rẹ̀. Doreen mọ̀ pé orúkọ wọn ni kò rántí. Doreen nìkan ni kò pè bẹ́ẹ̀ rí.

Ohun kan wà tí Lavinia kì í gbàgbé: òfin súfèé. Nínú ilé eré, súfèé a máa fa àjálù. Ẹni tó bá sú u nínú yàrá ìmúra gbọ́dọ̀ bọ́ síta, kó pòòyì lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kó kan ilẹ̀kùn, kó sì dúró di ìgbà tí wọ́n bá ní kó wọlé. Doreen a sì máa súfèé bí ẹyẹ.

"Ta nìyẹn?"

"Doreen ni, mà."

"Doreen wo?"

"Doreen olórí kunkun."

"Èyí tí mo mọ̀ nìyẹn. Wọlé."

Lọ́jọ́ kejì ọ̀ràn búrẹ́dì, wọ́n gbọ́ pé Ọ̀gbẹ́ni Hargreave, tó ni eré náà, ń bọ̀ wá fi ẹlòmíì rọ́pò Lavinia nítorí ọ̀rọ̀ eré tó ń gbàgbé. Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí eré kásẹ̀ nílẹ̀.

"Ọ̀sẹ̀ méjì péré, Doreen," ni Lavinia wí, ó ń fi àtíkè pa ojú. "Jẹ́ kí n fi ẹsẹ̀ ara mi jáde níbí."

Hargreave wọlé. Ó gbàgbé ara rẹ̀, ó ń súfèé jẹ́jẹ́.

"Jáde!"

Ọmọ ilé eré ni òun náà. Ó jáde, ó pòòyì, ó kanlẹ̀kùn.

"Ta nìyẹn?"

"Hargreave ni, mà."

"Mi ò mọ̀ ọ́n. Dúró níbẹ̀."

Ó dúró títí aago fi dún pé kí eré bẹ̀rẹ̀. Lavinia ṣílẹ̀kùn, ó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. "Áà, olólùfẹ́ mi, o ṣì wà níbí?"

Nígbà tí Hargreave tún padà wá lọ́jọ́ kejì, ó pa ẹnu mọ́ pinpin. Súfèé kan dún láti ẹ̀yìn àwọn aṣọ tí wọ́n fi kọ́.

"Hargreave!"

"Èmi kọ́, mà! Mo fi ìyá mi búra!"

"Jáde!"

Ojoojúmọ́ ni súfèé yẹn ń dún, ojoojúmọ́ sì ni Hargreave ń pòòyì, títí Lavinia fi tẹríba ìkẹyìn fún àwọn òǹwòran tó dìde dúró fún un. Ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde, ó di apá Doreen mú.

Lavinia kú nígbà òtútù tó tẹ̀ lé e, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, láìsí àtúnṣe. Lẹ́yìn ìsìnkú, Doreen lọ palẹ̀ yàrá náà mọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ó ká aṣọ tó kẹ́yìn kúrò lórí ìkọ́, ó sì rántí pé òun kò jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nítorí gbogbo súfèé tí òun sú lẹ́yìn aṣọ wọ̀nyẹn.

Ó bọ́ síta. Orúnkún ń dùn ún, síbẹ̀ ó pòòyì lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó kan ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ gbayawu.

"Doreen ni, mà," ló wí. "Olórí kunkun."

Òṣèrébìnrin tí wọ́n gbé yàrá náà fún ń bọ̀ lọ́nà pẹ̀lú àpótí aṣọ rẹ̀. Irun òun náà ti ń funfun.

"Ṣé kò sí o, ẹ̀gbọ́n?"

"Mo súfèé ni."

Obìnrin náà kò béèrè ohun mìíràn. Ó sọ àpótí rẹ̀ kalẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ Doreen.

"Ẹ jẹ́ ká dúró dè é nígbà náà," ló wí. "Wọ́n ní kì í tètè dáhùn."