Odò Tí Wọ́n Fi Amọ̀ Mọ Ní Ọgbà Ilé-Ẹ̀kọ́

Nígbà tí mo ṣì kéré débi pé èjìká bàbá mi ni mo fi ń la odò kọjá, kò sí afárá kan tó tọ́jọ́ ní ìlú wa. Ìlú wa kò jìnnà sí Ẹ̀kìnrìn-Àdé, ní ilẹ̀ Ìjùmú, oko àwọn ènìyàn wa sì pọ̀ ní òdìkejì odò. Ní ẹ̀ẹ̀rùn, omi náà kì í ju orúnkún àgbà lọ. Ṣùgbọ́n bí òjò bá ti rọ̀ sórí òkè, ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kò ní mọ̀ pé odò kan náà ni. Ẹ̀ẹ̀mejì ni àwọn ọkùnrin ìlú ti fi igi ṣe afárá sí ibi tí a ti ń là á, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni omi gbé e lọ. Ní ọdún tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, obìnrin kan ní agboolé tó kángun sí tiwa ń ti oko bọ̀ pẹ̀lú ẹrù iṣu lórí. Odò gbé e. Ìsàlẹ̀ odò lọ́hùn-ún ni wọ́n ti rí òkú rẹ̀.

Àgbẹ̀ kọfí ni bàbá mi. Nígbà tí ìròyìn kàn pé ìjọba yóò la ọ̀nà mọ́tò gba ìlú wa, tí wọn yóò sì ṣe afárá gidi, ó kó gbogbo ohun tó rí lórí kọfí, ó fi kọ́ ilé oníyàrá méjì sí etí ibi tí a ti ń la odò. Èrò rẹ̀ ni pé iwájú ilé yẹn ni lọ́rì yóò máa dúró sí, pé ìyá mi yóò máa ta oúnjẹ níbẹ̀, òun náà yóò sì máa kó kọfí pamọ́ sínú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó rò pé afárá lè wà níbòmíràn.

Ẹnjiníà tí wọ́n rán wá láti Kàdúná jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin, aláwọ̀ dúdú bíi tiwa. Èyí ya ìlú lẹ́nu, nítorí òyìnbó ni a ń retí. Ohun tó kọ́kọ́ ṣe kò jọ iṣẹ́ lójú wa. Ilé àwọn àgbà ló ń yà kiri. Á kí wọn ní "òkun o", bí a ṣe ń kíni ní ilẹ̀ wa, bí ọmọ ilé, á wá bi wọ́n pé nínú gbogbo òjò tí wọ́n ti rí láyé, èwo ló burú jù, ibo sì ni omi rẹ̀ dé? Wọ́n á mú un lọ wo gbòǹgbò igi tàbí àpáta tí omi náà kàn. Lẹ́yìn èyí, ó ri òpó alámì pupa àti funfun mọ́ inú odò, ó ń wo bí omi ṣe ń gùn ún ní gbogbo ìgbà òjò. Ó tún ní ọ̀pá irin gígùn kan tó fi ń gún ilẹ̀ etí odò káàkiri. Níbi tí a ti ń là á, ọ̀pá náà ń wọlẹ̀ bí ẹni gún ẹ̀kọ. Lápá òkè, níbi tí odò ti há láàárín àpáta, kò wọlẹ̀ rárá.

Nígbà tí òjò dáwọ́ dúró, ó pe ìpàdé, ó tẹ́ ìwé ńlá kan sílẹ̀ níwájú àwọn àgbà, ó ní apá òkè ni afárá yóò wà. Ariwo sọ. Ohùn bàbá mi ló ròkè jù.

"Àbí ìwé rẹ mọ odò yìí ju àwa lọ ni? Ṣé àwọn baba wa gọ̀ tí wọ́n fi yan ìsàlẹ̀?"

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò bínú. "Wọn ò gọ̀, Bàbá. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń là á, ibi tí kò jìn sì ni ẹlẹ́sẹ̀ ń wá. Ibi tó le ni afárá ń wá."

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí ìlà orí ìwé yé. Òun náà rí i. Ó ká ìwé rẹ̀ nílẹ̀, ó sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún òun ní àyè díẹ̀.

Ó bẹ àwọn obìnrin amọ̀kòkò, wọ́n bá a ru amọ̀ wá sí ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ wa. Ó fi amọ̀ náà mọ odò, gígùn rẹ̀ tó ẹní mẹ́ta tí a tẹ́ tẹ̀léra. Ó da iyanrìn odò sí ibi tí iyanrìn wà, ó to òkúta sí ibi tí àpáta wà. Gbogbo ìlú wá wò ó. Àwọn kan ń nàka sí ọ̀nà oko wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Ó wá kó igi wẹ́wẹ́ lé bàbá mi lọ́wọ́, ó ní, "Bàbá, ẹ ṣe afárá síbi tó wù yín."

Bàbá mi kúnlẹ̀, ó fara balẹ̀ ṣe é sí ìsàlẹ̀, ó fi òkúta ti ẹsẹ̀ rẹ̀. Wọ́n fi kòkò da omi sí i láti òkè. Afárá dúró. Àwọn ará àdúgbò wa hó yèè! Ẹnjiníà ní omi òjò lásán nìyẹn, kí wọ́n da èyí tó kan gbòǹgbò tí àwọn àgbà fi han òun. Wọ́n dà á. Omi ya níbi tí odò ti tẹ̀, ó kọlu etí iyanrìn, ó gbẹ́ ẹ nísàlẹ̀, afárá sì ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"O mọ̀ọ́mọ̀ ní kí wọ́n dà á lágbára ni," bàbá mi wí. "Gbé kòkò náà wá."

Ó tún afárá rẹ̀ ṣe, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ da omi náà, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń bu omi fún aláìsàn. Ó tún ṣubú.

Baálẹ̀ ní kí wọ́n dán ti òkè wò. Ẹnjiníà ṣe afárá tirẹ̀ bó ṣe yà á sórí ìwé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò mì, ṣùgbọ́n omi gun orí rẹ̀ kọjá. Àwọn ènìyàn tún hó. Ó wò ó títí, ó ní, "Èmi náà ṣì í. Ó rẹlẹ̀ jù. Mo ní láti gbé e ga sí i." Mo rántí pé lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yìí ni àwọn àgbà tó ń jiyàn bẹ̀rẹ̀ sí í dákẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, ìyá mi bi bàbá mi bóyá kò ní lọ fẹjọ́ ẹnjiníà sun àjẹ́lẹ̀ ní Kàbà mọ́, bó ṣe ń lérí tẹ́lẹ̀. Bàbá mi ní, "Kí ni mo fẹ́ lọ sọ? Ọwọ́ mi ni mo fi da omi."

Apá òkè ni wọ́n ṣe afárá náà sí, ó sì ga ju ti orí ìwé lọ. Ọ̀nà mọ́tò yí gba ibẹ̀. Kò sí lọ́rì kankan tó dúró níwájú ilé bàbá mi. Ewúrẹ́ ló ń sùn níbẹ̀ títí tó fi wó. Inú bàbá mi kò dùn sí i, kò sì díbọ́n pé ó dùn. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, odò kò gbé ẹnikẹ́ni ní ìlú wa mọ́.

Ọmọ ọmọ mi kan ń ṣe irú iṣẹ́ ẹnjiníà yẹn báyìí ní Àbújá. Ó fi odò hàn mí lórí kọ̀ǹpútà, omi rẹ̀ ń kún, ó ń fà, ó dùn ún wò. Mo bi í pé báwo ni àwọn ará etí odò náà ṣe gbà á sí. Ó ní ọ́fíìsì ni wọ́n fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́ sí, kì í kan àwọn ará ibẹ̀. Bóyá odò orí kọ̀ǹpútà wọn tọ̀nà ju odò amọ̀ ayé ìgbà náà lọ. N kò mọ̀ ọ́n. Ohun tí mo mọ̀ ni pé lóde òní, ọjọ́ tí katapílà bá dé ẹnu ọ̀nà ni ìlú ń gbọ́ pé wọ́n ti parí ọ̀rọ̀.