Pákó Tó Ga Ju Ọwọ́ Màmá Mi Lọ

Ọdún mẹ́rìndínlógún ni màmá mi fi nu eruku ilé onílé ní Forest Hill, nílùú òyìnbó níbí. Ohun tí wọ́n máa ń nù gbẹ̀yìn ni mántẹ́ẹ̀lì, ìyẹn pákó gbọọrọ tí àwọn òyìnbó máa ń kàn sókè ibi ìdáná inú ògiri, tí wọ́n ń to aago àti fọ́tò lé. Ìyá tó ni ilé náà á wá fi ìka ra ẹ̀yìn aago, á wò ó bóyá ó mọ́. Nígbà tí màmá fẹ̀yìn tì, tí orúnkún ò jẹ́ kí wọ́n lè dúró pẹ́ mọ́, tí council ń rán carer wá tọ́jú wọn nílé, ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ní kí n ṣe fún àwọn: mántẹ́ẹ̀lì tiwọn.

Ibi ìdáná àtijọ́ kan wà nínú pálọ̀ wọn ní Peckham, tí council ti fi pátákó dí. Káfíńtà ni mí. Màmá jókòó sórí àga wọn, wọ́n na ọwọ́ ọ̀tún síwájú.

“Ibi tí ọwọ́ mi dé yìí ni kó mọ. Mi ò fẹ́ kí carer kankan bá mi fọwọ́ kàn án. Èmi fúnra mi ni màá máa dust ẹ̀. Eruku tèmi nìyẹn.”

Mo fi pẹ́ńsùlù fa ìlà sára ògiri níbi tí ìka wọn dé.

Ní ọjọ́ Sunday, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, àkọ́bí màmá, dé láti Kennington. Tí mo bá ń bá a sọ̀rọ̀, “ẹ” ni mo máa ń lò; níbí, ẹ jẹ́ kí n sinmi. Kò mọ orí ayùn yàtọ̀ sí ìdí rẹ̀, àmọ́ ó rí ìlà mi.

“Kí leléyìí? Kùránì Mummy ńkọ́? Orí ẹ̀ náà ló máa wà, àbí? So táwọn èèyàn bá wá kí wa nígbà Iléyá, ìdí wọn lórí sofa àti Kùránì á wá wà ní same level? No now. Gbé e sókè. Kó tó mi léjìká.”

Mo wo màmá. Kápẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń wò. “Òótọ́ ni,” ni wọ́n wí. “Kó wà lókè.”

Nílé wa, bí àkọ́bí bá ti sọ̀rọ̀, tó tún gbé Kùránì lé e, ó parí. Bẹ́ẹ̀, pákó pẹlẹbẹ kan àti síkúrúù mẹ́rin ni ì bá yanjú ẹ̀: kí n kan ti Kùránì sókè lọ́tọ̀, kí mántẹ́ẹ̀lì wà nísàlẹ̀ níbi tí màmá fẹ́ ẹ. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Ó wà lórí ahọ́n mi. Mo ní, “Ó ti yé mi, ẹ̀gbọ́n mi,” mo sì fi àtàǹpàkò pa ìlà náà rẹ́.

Mo kàn án dáadáa, ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú. Mo fi òpó méjì ti ẹ̀gbẹ́ ibi ìdáná náà, mo gbé pákó páìnì lé e, mo fi sanpépà ha á títí ó fi ń dán, mo kùn ún ní ọ̀dà funfun. Nígbà Iléyá, àwọn àlejò ń yìn ín. Ẹ̀gbọ́n mi ń fọwọ́ gbá a, ó ń sọ pé, “We built it.” Àwa! Màmá jókòó sábẹ́ rẹ̀, wọ́n ń wòkè.

Carer ló wá ń nù ún. Màmá á jókòó, wọ́n á máa sọ fún un pé, “Ẹ̀yìn aago, please.” Wọ́n ti di ìyá Forest Hill, wọn ò sì fẹ́ bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ kan tí carer pẹ́ dé, wọ́n mú rágì, wọ́n gun àpótí, wọ́n sì já bọ́. Egungun ìbàdí ló kán. Láti ọsibítù ní Lewisham, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni wọ́n gbà lọ, wọn ò sì padà sílé mọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi pè mí lórí fóònù. “Kí ló dé tó o kàn án ga tó yẹn?”

Wọ́n ní ẹnu àgbà lobì ti ń gbó. Obì tiwa jẹrà sí i lẹ́nu, èmi ni mo sì ń tu ú. Inú ń bí mi sí i, ó sì ń bí mi sí ara mi jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé èmi ni mo ní ayùn lọ́wọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, màmá bi mí léèrè níbi tí wọ́n wà, “Ta ló ń nu mántẹ́ẹ̀lì mi?”

“Èmi ni, Mummy.”

“Ẹ̀yìn aago ńkọ́?”

“Mo nù ún.”

Irọ́ ni. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ mi, mo máa ń lọ síbẹ̀, mi ò sì fọwọ́ kàn án. Láti apá òsì títí dé ibi aago, eruku ibẹ̀ ò nípọn tó ti apá ọ̀tún. Ibẹ̀ ni ọwọ́ màmá mi dé lọ́jọ́ tí wọ́n gun àpótí.